Ẹja Orí Tábìlì

Ẹja náà kò gùn ju ọwọ́ ọmọdé lọ, ẹyin sì ti kún inú rẹ̀. Ìyá Ẹlẹ́ja fi ọ̀bẹ là á, ẹyin tú síta, ó lẹ̀ mọ́ ọn níka. Ó la òmíràn, ẹyin. Ó la ẹ̀kẹta, ẹyin. Ó ju ọ̀bẹ sílẹ̀ lórí pátákó, ó sì gbójú sókè wo ọkọ rẹ̀ tó dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìyanja, àwọ̀n tó ya lórí èjìká rẹ̀, omi òkun ń kán láti ara ṣòkòtò rẹ̀.

"Bàbá Ọmọ, ohun tí ẹ gbé wá yìí, ẹja ni àbí ìyà?"

"Ohun tí omi fún mi nìyẹn."

"Ọmọ ọwọ́ tó lóyún lomi fún yín? Níbo lẹ ti rí ọmọ ọwọ́ tó lóyún rí?"

Ọkùnrin tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ ni ọkọ rẹ̀. Bí ó bá sọ gbólóhùn mẹ́ta láàárín òwúrọ̀ sí ọ̀sán, ará ilé á máa béèrè bóyá ara rẹ̀ kò yá. Ó sọ àwọ̀n kalẹ̀, ó na ìka sí ibi tó ti ya, ihò kan tí èèyàn mẹ́ta lè gbà kọjá láìbẹ̀rẹ̀. Agbálẹ̀ ló ṣe é. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pe ọkọ̀ ńlá ilé-iṣẹ́ tó ń wọ́ àwọ̀n lórí ilẹ̀ òkun, nítorí pé ibi tó bá ti kọjá, omi lásán ló ń ṣẹ́kù síbẹ̀.

"Wọn ò tíì fún un níwèé àṣẹ, ó ti ń wọ ibi tí a ti ń pẹja," ni ọkọ rẹ̀ wí. "Ó gun orí àwọ̀n mi kọjá bí ẹni ń rìn lórí ẹní."

"Ọ̀sán òní ni wọ́n máa fọwọ́ sí ìwé ọ̀hún," ni ohùn kan wí láti ẹ̀yìn ọgbà. Aránṣọ ni, aládùúgbò wọn tó fẹ́ apẹja tí kò sì fẹ́ gbọ́ òórùn ẹja. "Ìyá Ẹlẹ́ja, ẹ kú iṣẹ́ o. Mi ò yọ́ gbọ́ o, ẹ̀yin lẹ ń pariwo. Wọ́n ní Dókítà Ẹja láti ọ́fíìsì ẹja ń bọ̀ fúnra ẹ̀. Dókítà tí kì í gúnni lábẹ́rẹ́! Ìgbà tí aláìsàn bá kú tán ló ń bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú!"

Kò sẹ́ni tó bá a rẹ́rìn-ín. Ó padà sídìí máṣíìnì rẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kò gbọ́ kí máṣíìnì náà dún.

Ọ̀rọ̀ ìwé náà kò le. Láti ọdún tó kọjá ni ọ́fíìsì ẹja ti gbé tábìlì kan wá sí èbúté láti fi mọ bí ara ẹja onírù pupa ṣe rí, òun sì ni ẹja tí gbogbo ilé tó wà létí omi yìí fi ń jẹun. Ní ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ni wọ́n ń wọ̀n ọ́n láti imú dé ìrù, wọ́n á gbé e sórí òṣùwọ̀n, wọ́n á là á nínú, wọ́n á sì yọ òkúta wínníwínní kan tó wà nínú etí rẹ̀, tí òrùka ara rẹ̀ ń sọ iye ọdún tí ẹja náà ti lò láyé. Bí ẹja tó ń wá sórí tábìlì bá tóbi tó sì dàgbà, ara omi le nìyẹn, Agbálẹ̀ lè wọlé wá bá wọn pín in. Bí ó bá jẹ́ wẹ́wẹ́, wọ́n ti pa á jù nìyẹn. Ọ́fíìsì á ti omi pa fún ọ̀pọ̀ oṣù kí ẹja lè yé, kí ọmọ rẹ̀ lè dàgbà, wọ́n á sì gba gbogbo àwọ̀n olójú kékeré lọ́wọ́ ẹni tó bá ní in.

Nínú gbogbo àlàyé yìí, "ti omi pa" nìkan ni etí àwọn ará èbúté gbọ́. Alága ẹgbẹ́ apẹja, tó jẹ́ ẹ̀gbọ́n ọkọ Ìyá Ẹlẹ́ja, pè wọ́n jọ. Ó ní àlejò ni ọ́fíìsì, ta ló ń bu ìsàlẹ̀ ìkòkò fún àlejò? Ẹja tó dára jù ni kí wọ́n máa kó sórí tábìlì, kí wọ́n sì máa kó wẹ́wẹ́ gba ẹ̀yìnkùlé lọ sílé. Wọ́n gbà, nítorí pé bí wọ́n ṣe tọ́ wọn nílé nìyẹn. Ní ìbẹ̀rẹ̀, Ìyá Ẹlẹ́ja wà lára àwọn tó ń ṣà á. Ó tún ń fi aṣọ nu ìpẹ́ rẹ̀ kó lè dán. Ẹ̀rù ilẹ̀kùn títì bà wọ́n, wọ́n sì fi ọwọ́ ara wọn ṣí i sílẹ̀ fún ẹni tó ń bọ̀ wá kó wọn lẹ́rù.

Ọmọbìnrin rẹ̀ wà nínú yàrá, ó ń fi búrẹ́dì bọ tíì. Òun ni ọ́fíìsì gbà síṣẹ́ láti máa wọn ẹja. Rúlà gígùn rẹ̀ tí wọ́n kàn mọ́ pákó funfun fẹ̀yìn ti ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ìdí nìyẹn tí gbogbo àdúgbò fi ń pè é ní Onírúlà. Owó iṣẹ́ rẹ̀ ló ń ra ìrẹsì wọn láti ìgbà tí ẹja ti dínkù.

"Ẹja tó o wọ̀n lọ́sẹ̀ tó kọjá," ni ìyá rẹ̀ wí láìkí i, "báwo ló ṣe gùn tó?"

"Ẹyọ kan gùn tó ogójì sẹ̀ǹtímítà, Mà. Àwọn yòókù ò jìnnà sí i."

"Ta ló pa á? Bàbá ẹ ò pa irú ẹ̀ láti oṣù mẹ́ta. Ọkọ Aránṣọ ò pa á. Ta ló pa á?"

Onírúlà gbé búrẹ́dì sílẹ̀. "Bọ̀dá Alága ló ń gbé e wá. Wọ́n ní ọkọ̀ àwọn ti ń lọ sọ́nà jíjìn."

"Inú ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹja náà ńkọ́? Pupa ni àbí funfun?"

Ọmọ náà wo inú ife tíì rẹ̀. "Ó funfun bí òwú, Mà. Ojú ẹ̀ sì yọ síta. Mo kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo kọ ọ́."

"O kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé. Ẹnu ẹ ńkọ́? Kí lẹnu ẹ ń ṣe?"

"Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni, Mà. Ẹ̀yin lẹ ní kí n máa bọ̀wọ̀ fún wọn."

Ìyá Ẹlẹ́ja mọ ẹja bí ó ṣe mọ àtẹ́lẹwọ́ ara rẹ̀: èyí tí inú ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ bá funfun ti sùn sínú yìnyín fún ọ̀pọ̀ ọjọ́, kò sì sí ọkọ̀ kékeré kan ní èbúté náà tó ń gbé yìnyín lọ sójú omi. Ó wọ bàtà, ó jáde.

Ó bá awakọ̀ lọ́rì yìnyín níbi tó ti ń já ẹrù. Ọkùnrin sísanra kan ni, tó ń làágùn tọ̀sán-tòru láàárín yìnyín, ìyẹn ni wọ́n ṣe ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ tí wọ́n ń pè é ní Tútù.

"Tútù, kúlà tí ò ń gbé lọ sílé Alága lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí ló wà nínú ẹ̀?"

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́. Ọmọ márùn-ún ni mo ní."

"Mi ò béèrè iye ọmọ ẹ."

Tútù wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó sọ ohùn rẹ̀ kalẹ̀. "Ẹja ni. Inú yàrá yìnyín àwọn Agbálẹ̀ ni mo ti ń gbé e. Ẹja inú ibú ni. Mo rò pé ẹ̀yin ẹbí mọ̀ ni. Ẹ ò gbọ́ pé Alága ni wọ́n máa fi ṣe ọ̀gá èbúté tuntun tí wọ́n bá fọwọ́ síwèé tán? Wọ́n ti rán aṣọ ọ̀gá náà pàápàá."

"Ta ló rán an?"

"Aládùúgbò yín náà mà ni."

Ó dúró síbẹ̀, omi yìnyín ń ṣàn gba abẹ́ bàtà rẹ̀. Bí ikú ilé kò bá pani, tòde kò lè pani. Ó ti ń pa òwe yẹn fún àwọn ẹlòmíràn láti ìgbà èwe rẹ̀, òní ló ṣẹ̀ṣẹ̀ yé e. Inú bí i gidigidi. Kò fẹ́ kí Alága wá tọrọ àforíjì, nítorí àforíjì kì í kún ikùn. Ó fẹ́ kí ojú tì í níbi tí èèyàn pọ̀ sí. Ó fẹ́ kí ipò tuntun náà bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́ nígbà tó bá ti nawọ́ sí i tán, kí aṣọ ọ̀gá náà sì di oúnjẹ kòkòrò nínú àpótí.

Ó yára padà sílé lọ dáná, torí pé ní gbogbo ọjọ́ tí wọ́n bá ń wọn ẹja, ilé àbúrò rẹ̀ ni Alága ti ń jẹun ọ̀sán. Ilé tirẹ̀ jìnnà sí èbúté. Òun ló sì máa ń kọ́kọ́ jẹ, kí onílé tó jẹ.

Alága dé nínú bàtà tuntun. Ó bọ́ ọ lẹ́nu ọ̀nà, ó tò ó dáadáa kí ẹnikẹ́ni má bàa tẹ̀ ẹ́, ó sì jókòó sórí àga tó dára jù. Ìyá Ẹlẹ́ja bu ìrẹsì fún un, ó to ẹja wẹ́wẹ́ mẹ́wàá sórí rẹ̀. Ó ti dín wọn tòun ti orí, ìrù àti ẹyin inú wọn.

"Ìyàwó wa," ni Alága wí, ó fi ṣíbí gbé ọ̀kan sókè, "ẹja ọmọdé lo bù fún mi yìí?"

"Ẹja yín ni, Bọ̀dá. Èyí tó ṣẹ́kù lẹ́yìn tẹ́ ẹ ti jẹ tán ni."

Alága rẹ́rìn-ín. Ó ní ẹ̀rín kan tó máa ń gbé ikùn rẹ̀ lọ sókè-sódò, tí àwọn èèyàn fẹ́ràn láti gbọ́ níbi ìpàdé. Ó jẹ gbogbo mẹ́wẹ̀ẹ̀wá, ó fa egungun lá, ó fi ìka nu abọ́. Àbúrò rẹ̀ jókòó sórí àpótí, ó ń wò ó.

"Àwọn àgbà ní ẹni tó bá jẹ àjẹìwẹ̀yìn ló máa ru igbá ẹ̀ délé," ni Ìyá Ẹlẹ́ja wí. Ó ń kó abọ́. "Bọ̀dá, ẹja inú kúlà ńkọ́? Ṣé òun náà kì í ṣe ẹja ọmọdé?"

Ìka Alága dúró lórí ètè rẹ̀. Ó wo àbúrò rẹ̀. Àbúrò rẹ̀ ń wo ògiri. Ó fi aṣọ ìnujú nu ọwọ́, ìka kan lẹ́yìn ìkejì.

"Ta ló ń sọ ìsọkúsọ fún ẹ? Gbọ́, ìyàwó wa. Agbálẹ̀ máa wọlé, bí mo gbà bí mi ò gbà. Ẹni tó bá gbọ́n á tètè wá àga jókòó sí níbẹ̀. Bí mo bá jókòó, ṣé n ó jẹ́ kí àbúrò mi dúró ni? Ọmọ yín náà á di ọ̀gá lọ́fíìsì. Kí ló tún kù?"

"Ẹja ló kù."

"Ó dáa. Ru wẹ́wẹ́ ẹ lọ síwájú Dókítà. Ohun tó máa kọ́kọ́ bi ọ́ ni pé, àwọ̀n wo ló pa á? Kí lo máa sọ? Wọ́n á gba àwọ̀n ọkọ ẹ, odindi ọdún méjì ni ẹsẹ̀ ẹ̀ ò ní kan omi. Wọ́n á ní ọmọ ẹ ń wọn ẹja níta, bàbá ẹ̀ ń fi àwọ̀n jìbìtì pa á lábẹ́lẹ̀. Wọ́n á lé e lọ́jọ́ náà. Ta ló sì rán àwọ̀n náà?" Ó dìde, ó wọ bàtà rẹ̀. "Ọ̀bẹ ò lè gbẹ́ èkù ara ẹ̀ o, ìyàwó wa. Oúnjẹ yẹn dùn gan-an."

Òótọ́ ló sọ, ohun tó sì dun obìnrin náà jù nìyẹn. Yàtọ̀ sí pé ó ń yan ẹja, òun ló ń rán àwọ̀n fún èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn apẹja èbúté. Nígbà tí ẹja bẹ̀rẹ̀ sí í kéré, tó sì ń gba ojú àwọ̀n bọ́ lọ, òun ló ronú kan àwọ̀n abẹ́nú: èèyàn á rí àwọ̀n olójú ńlá tí òfin fẹ́ lóde, àwọ̀n mìíràn tí ojú rẹ̀ kò gba ìka á sì wà nínú rẹ̀, wọ́n rán an mọ́ ọn gírígírí. Ti ọkọ rẹ̀ ló kọ́kọ́ rán. Àwọn tó kù rí i, wọ́n wá.

"Fi í sílẹ̀," ni ọkọ rẹ̀ wí lẹ́yìn tí ẹsẹ̀ Alága ti jìnnà. "Bí èèyàn bá ta ará ilé ẹ̀ lọ́pọ̀, kò ní rí i rà lọ́wọ̀n-ọ́n mọ́."

"Ẹni tó tà wá lọ́pọ̀ ńkọ́? Ṣé ẹ ti pòwe náà fún un?"

"Ẹ̀gbọ́n mi ni."

"Mo mọ̀! Torí pé ẹ̀gbọ́n yín ni mo ṣe ń bu tiẹ̀ kí n tó bu tiyín, ọdún méjìlélógún! Agbálẹ̀ fa àwọ̀n yín ya láàárọ̀ yìí, ẹ̀gbọ́n yín ló ní kó máa bọ̀. Ó jókòó síbí, ó fi egungun ọmọ ẹja tayín. Ẹ̀yin ń wo ògiri. Kí ni ògiri sọ fún yín?"

"Ọmọ wa ńkọ́?"

Onírúlà ti dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ti wọ ṣẹ́ẹ̀tì ọ́fíìsì, pákó rúlà wà lábẹ́ apá rẹ̀. Wọn kò mọ ìgbà tó ti débẹ̀.

"Màmi, ẹ jọ̀ọ́," ló wí. "Ẹ má gbé e wá sórí tábìlì mi. Tẹ́ ẹ bá gbé e wá, màá wọ̀n ọ́n."

Kò dúró gbọ́ èsì. Ìyá rẹ̀ gbọ́ bí géètì ṣe ń ké nígbà tó jáde. Ó jókòó sórí ìjókòó ìyanja, ó kó ọwọ́ méjèèjì sáàárín itan. Ó ro ti iṣẹ́ ọmọ rẹ̀. Ó ro ti ọkọ rẹ̀ láìlọ sójú omi fún ọdún méjì, bí yóò ṣe máa rìn káàkiri ilé bí ẹni tó sọ nǹkan nù. Lẹ́yìn náà ló wá ro ti ẹ̀rín Alága, bó ṣe ń gbé ikùn rẹ̀ sókè-sódò. Ẹ̀rín náà ló borí. Ó da gbogbo ẹja wẹ́wẹ́ tó kù sínú abọ́ ńlá kan, ó di òṣùká, ó gbé e rù.

Oòrùn ti kọjá àárín orí nígbà tó dé ìdí tábìlì ní èbúté. Dókítà Ẹja jẹ́ obìnrin kúkurú kan tó fi òwú so gíláàsì ojú rẹ̀ mọ́ ọrùn. Ìwé náà wà lórí àpò rẹ̀, bírò wà lórí ìwé. Ẹja ńlá mẹ́ta ló wà lórí tábìlì, Alága dúró tì wọ́n bí ẹni tó bí wọn. Àwọn apẹja àti ìyàwó wọn yí wọn ká. Aránṣọ wà níwájú pátápátá.

"Ẹ yà fún mi," ni Ìyá Ẹlẹ́ja wí.

Ó da abọ́ náà dé sórí tábìlì. Ẹja wẹ́wẹ́ ya bo ẹja ńlá, àwọn kan yọ̀ ṣubú sínú iyanrìn.

"Ẹ má dá a lóhùn, Dókítà," ni Alága tètè wí. "Ìyàwó àbúrò mi ni. Kò sùn dáadáa lánàá."

Dókítà mú ọ̀kan nínú wẹ́wẹ́ náà, ó fi àtàǹpàkò tẹ ikùn rẹ̀. Ẹyin yọ jáde. Ó tẹ òmíràn. Ó yọ gíláàsì ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún fi í sójú.

"Wọ̀n wọ́n," ló sọ fún Onírúlà.

Onírúlà tẹ́ ẹja àkọ́kọ́ sórí pákó. Ó ní láti tò ó lẹ́ẹ̀mejì kí imú rẹ̀ tó bá ìbẹ̀rẹ̀ rúlà mu. "Mọ́kànlá," ló wí. Ó tẹ́ ìkejì. "Mẹ́wàá ààbọ̀." Ó tẹ́ ẹ̀kẹta. "Mọ́kànlá." Ohùn rẹ̀ kéré ní ìbẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tó dé ogún ẹja, gbogbo èèyàn ti ń gbọ́ ọ. Kò sí ilé kan níbẹ̀ tí irú ẹja bẹ́ẹ̀ kò sí nínú ìkòkò rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ẹnì kan wúkọ́. Ẹnì kan ń fi ẹsẹ̀ gbẹ́ iyanrìn. Ọmọ náà kò fo ẹyọ kan.

Dókítà ti fi ọ̀bẹ tẹ́ẹ́rẹ́ la orí ọ̀kan, ó yọ òkúta etí rẹ̀, ó gbé e sábẹ́ awò.

"Ọdún kan," ló wí. "Ẹja yìí yẹ kó lo ọdún mẹ́rin kó tó ní ẹyin. Ẹ ti pa gbogbo èyí tó ń farabalẹ̀ dàgbà. Èyí tó ń kánjú bímọ kẹ́ ẹ tó mú un ló kù." Ó yí sí ẹja ńlá. "Èyí ńkọ́? Ojú ẹ̀ yọ, ìfun ẹ̀ ti gba ẹnu jáde. Láti inú ibú ni wọ́n ti fà á sókè. Okùn ọkọ̀ kékeré wo ló gùn débẹ̀?" Ó ṣí ìwé Onírúlà, ó wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. "Ọmọ yìí ti kọ ọ́ fún mi lẹ́ẹ̀mẹta. Èmi ni mi ò kà á."

Òógùn bo Alága lójú. "Ẹ bi í!" ló kígbe. "Ẹ bi í léèrè àwọ̀n tó pa wẹ́wẹ́ yìí! Ẹ bi í!"

Dókítà yíjú sí Ìyá Ẹlẹ́ja. "Ìyá, dandan ni kí n béèrè. Àwọ̀n wo ni?"

Ìyá Ẹlẹ́ja wo ọmọ rẹ̀. Ọmọ rẹ̀ ń wo pákó rúlà. Kó tó lanu, àwọn èèyàn ti ń yà sọ́tùn-ún sósì. Ọkọ rẹ̀ ló ń bọ̀, àwọ̀n lórí èjìká. Ó sọ ọ́ kalẹ̀ níwájú tábìlì, ó yí inú rẹ̀ síta, gbogbo èèyàn sì rí àwọ̀n kejì.

"Tèmi ni," ló wí. "Èmi ni mo fi pa á."

"Èmi ni mo rán an," ni Ìyá Ẹlẹ́ja wí.

Dókítà kọ ọ́ sílẹ̀. Ó pẹ́ kó tó gbójú sókè, kò sì wo ìyá nígbà tó ṣe bẹ́ẹ̀, ọmọ ló wò. "Mi ò lè jẹ́ kó o máa wọn ẹja ilé yín mọ́," ló wí jẹ́jẹ́. "O mọ̀." Onírúlà fi bírò rẹ̀ sórí ìwé. Ó gbé ọwọ́ kúrò lára pákó, ó sì rìn lọ dúró sí ẹ̀yìn èèyàn. Kò sunkún, kò sì wo apá ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀.

Nígbà náà ni Alága rẹ́rìn-ín. Kì í ṣe ẹ̀rín púpọ̀, ṣùgbọ́n ikùn rẹ̀ gbéra. Ibẹ̀ ló ti ṣìṣe.

Ìyá Ẹlẹ́ja mú ọ̀bẹ tí wọ́n fi ń la ẹja lórí tábìlì. Ó bẹ̀rẹ̀, ó gbé etí àwọ̀n ọkọ rẹ̀ sókè fún Dókítà.

"Ẹ wo kókó yìí, Mà. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo máa ń ta á, màá sì fi ìdí okùn ẹ̀ sápá òsì. Kò sẹ́lòmíì tó ń ta á bẹ́ẹ̀ létí omi yìí. Ibi tẹ́ ẹ bá ti rí i, ọwọ́ mi ló ti jáde. Ẹ máa tẹ̀ lé mi."

Ó rìn lọ síbi ọkọ̀ mẹ́ta tí Alága fà sórí iyanrìn. Ó yíjú padà sí ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀.

"Wá tú àwọ̀n ẹ."

Láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé e wọ ẹbí náà, kò sọ̀rọ̀ sí i bí ẹgbẹ́ rí. Gbogbo èèyàn gbọ́ ọ. Alága kò mira, torí náà Ìyá Ẹlẹ́ja tú u fúnra rẹ̀. Ó fi ìka wá inú àwọ̀n àkọ́kọ́, ó rí kókó rẹ̀, ó fi han Dókítà, ó gé e kí àwọ̀n abẹ́nú lè tú sílẹ̀. Ìkejì, kókó wà níbẹ̀. Ẹ̀kẹta, ó wà níbẹ̀, okùn rẹ̀ ṣì ń dán. Dókítà tẹ ìwé àwọn Agbálẹ̀ sí méjì láìfọwọ́ sí i, ó tì í bọ inú àpò. Ó ní láti òní lọ, omi ti tì. Agbálẹ̀ kò gbọdọ̀ wọlé, ọkọ̀ kékeré kò gbọdọ̀ jáde. Ó ní òun máa bá ẹni tó gbé ẹja ibú wá sórí tábìlì sọ̀rọ̀ lọ́fíìsì, pẹ̀lú ọlọ́pàá.

"Aránṣọ, lọ tú aṣọ ọ̀gá èbúté ká o!" ni ẹnì kan kígbe láti ẹ̀yìn. "Fi rán ṣòkòtò fọ́mọ ẹ!"

Wọ́n rẹ́rìn-ín dáadáa. Alága tẹ orí ba, ó ń wo bàtà rẹ̀ tí iyanrìn ti kún. Ìyá Ẹlẹ́ja wò ó títí ojú rẹ̀ fi yó. Ó dùn mọ́ ọn. Kò sí irọ́ níbẹ̀, ó dùn mọ́ ọn dénú egungun.

Àwọn èèyàn ṣì ń rẹ́rìn-ín nígbà tó kọjá ọkọ̀ Alága, tó sì gba ọ̀dọ̀ ọkọ̀ tó tẹ̀ lé e lọ. Ẹ̀rín náà bẹ̀rẹ̀ sí í dínkù. Ọkọ Aránṣọ ló ni ọkọ̀ ọ̀hún.

Aránṣọ sáré wá dúró síwájú rẹ̀, ó na apá méjèèjì. "Ìyá Ẹlẹ́ja! Ọ̀rọ̀ Alága là ń sọ! Kí ló kàn wá ńbẹ̀?"

"Ọjọ́ kan náà ni mo rán tiwa àti tiyín. Ìwọ lo di àtùpà mú fún mi."

"Ẹ ṣàánú. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ọmọ ń bẹ nílé."

"Ọmọ ń bẹ nílé tèmi náà."

Ó fi èjìká tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó gé kókó náà. Dókítà ń kọ ọ́ sílẹ̀ bí ó ṣe ń lọ. "Ẹni da eérú ni eérú ń tọ̀," ni obìnrin àgbàlagbà kan wí láàárín àwọn èèyàn. Kò sẹ́ni tó bi í ẹni tó ń bá wí.

Nígbà tó fi máa dé ọkọ̀ kẹfà, kò sẹ́ni tó ń kí i mọ́. Àwọn obìnrin tí wọ́n ti jọ ń yan ẹja láti ọjọ́ pípẹ́ yí ẹ̀yìn sí i. Onírúlà jókòó sórí iyanrìn lókèèrè, ó gbórí lé orúnkún. Ọkọ rẹ̀ nìkan ló ń tẹ̀ lé e láti ọkọ̀ dé ọkọ̀; ó ń bá a di etí àwọ̀n mú kó lè rí i gé gbọọrọ.

"Kí la máa jẹ lọ́la?" ló bi í jẹ́jẹ́.

Ìyá Ẹlẹ́ja fi ìka wá kókó náà, ó rí i, ó gé e.

"Ohun tí ẹ̀gbọ́n yín bá jẹ."